Ìkòkò, Agbọ̀n àti Àṣíborí

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa ní ọjọ́ Ìpàdé Ọdọọdún

     

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ ìwé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ òní, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni kí n sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, nítorí pé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Ṣùgbọ́n mo rí i nínú ìwé ètò ìpàdé pé a óò jíròrò lónìí lórí owó tí àwọn ará wa ní òkè òkun fi ránṣẹ́ láti fi ra àṣíborí fún àwọn ọlọ́kadà tí ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé, àti fún àwọn ọmọ náà pẹ̀lú. Mo sì gbọ́ pé àwọn kan nínú wa fẹ́ kí a ra iye tí ó pọ̀ jù lọ tí owó náà bá lè rà, kí olúkúlùkù lè rí tirẹ̀ gbà. Nítorí náà ni mo ṣe yí ọ̀rọ̀ mi padà. Aṣọ ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀: aṣọ tí a fi oje mú le, àti ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí nǹkan bá kọlù ú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara dà á fún mi. Ọ̀nà náà yóò gbé wa dé ibi owó.

Mo mú nǹkan méjì wá, wọ́n wà lórí tábìlì níwájú mi yìí. Èkínní ni àṣíborí kan tí ó ti là sí méjì bí igbá. Èkejì ni nǹkan funfun kan tí ó rí bí ihò apá ẹ̀wù, èyí tí wọ́n gé kúrò ní apá ọmọ kan ní ilé ìwòsàn. Ọ̀dọ̀ ọmọ kan náà ni méjèèjì ti wá. Ọmọ ilé ìwé mi ni. Bàbá rẹ̀ wà nínú gbọ̀ngàn yìí, òun ni ó sì fún mi ní ààyè láti mú wọn wá, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́kadà gbé ọmọ náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ yọ̀ ní ibi tí àgbàrá ti gbẹ́ ojú ọ̀nà, ọmọ náà sì ṣubú. Àṣíborí wà ní orí rẹ̀. Orí kan ilẹ̀, àṣíborí là, ó sì fi orí ọmọ sílẹ̀ fún òkúta. Egungun ọwọ́ rẹ̀ sì ṣẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ọmọ náà wà láàyè, ṣùgbọ́n ó pàdánù ọdún kan gbáko nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, àti títí di òní, bí mo bá kọ ìṣirò sí ojú pátákó, mo máa ń rí i bí ó ti ń fi ọwọ́ di orí mú.

Nǹkan funfun yìí ńkọ́? Ó wà ní apá ọmọ náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó fi í gbá etí ilẹ̀kùn, ó fi í ta bẹ́ǹṣì, ó tilẹ̀ fi í na àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (ọmọdé ni, kí ni kí a ti ṣe?), kò là, kò sì fọ́. Ayùn ilé ìwòsàn ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. Ìbéèrè tí mo ń bi ara mi láti ọjọ́ náà ni pé, kí ni ó fà á tí èyí tí a dé sí orí fi là, tí èyí tí a dì mọ́ apá kò sì là?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Bí ìkòkò amọ̀ bá bọ́ lórí ẹni tí ó rù ú, a mọ̀ pé àpáàdì ni yóò kù. Bí agbọ̀n bá bọ́, a óò kàn bẹ̀rẹ̀ gbé e, a óò sì gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò fi agbọ̀n pọn omi. Ìkòkò le, ó dúró ṣinṣin, kì í yẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú kan ṣoṣo bá sán lára rẹ̀, sísán náà yóò sáré láti ẹnu dé ìdí, nítorí pé kò sí ohun tí yóò dá a dúró lọ́nà. Agbọ̀n kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀pá kan bá dá lára rẹ̀, dídá náà parí síbẹ̀. Èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò gbọ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé wọ́n gbé agbọ̀n níyàwó fún ìkòkò.

Èyí kì í ṣe ohun titun pátápátá. Ẹni tí ó bá ka Ìwé Ẹ́ksódù, orí karùn-ún, yóò rántí pé nígbà tí Fáráò fẹ́ fi kún ìyà àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, koríko tí wọ́n ń pò mọ́ amọ̀ bíríkì ni ó kọ̀ láti máa fún wọn. Koríko náà ni agbọ̀n inú ìkòkò. Bákan náà, ẹ̀yin ìyá wa mọ̀ pé aṣọ tí a rì sínú sítáàṣì tí a sì sá sí oòrùn yóò le bí pákó, ṣùgbọ́n kò ní fọ́ bí pákó, nítorí pé òwú wà nínú rẹ̀. Bí a bá wá fi oje mìíràn rọ́pò sítáàṣì, oje tí omi kò lè tú mọ́ nígbà tí ó bá ti dì, tí a sì fi fọ́nrán tí ó lágbára jù rọ́pò òwú, a ti ní ohun tí n óò máa pè ní aṣọ olóje ní òwúrọ̀ yìí.

Fọ́nrán tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni ti gíláàsì, ó sì yẹ kí ó yà wá lẹ́nu, nítorí pé a mọ gíláàsì sí ohun tí ń fọ́. Ní ọdún 1921, A. A. Griffith, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní Farnborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí ó fi hàn pé bí a bá ti ń fa gíláàsì kí ó tín-ín-rín sí i, bẹ́ẹ̀ ni okun rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ohun tí ń ba gíláàsì jẹ́ ni àwọn ojú sísán kéékèèké tí ojú wa kò lè rí. Fọ́nrán tín-ín-rín kò sì ní ààyè láti fi èyí tí ó tóbi pamọ́ sí ara. Láàárín ọdún 1930 sí 1940 àwọn ará Amẹ́ríkà ti mọ bí a ti ń fa gíláàsì yíyọ́ ní fọ́nrán púpọ̀ fún títà, fọ́nrán tí ó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Nígbà tí ó di ọdún 1953, mọ́tò Chevrolet Corvette ti jáde, ara rẹ̀ sì jẹ́ gíláàsì àti oje. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tún bọ́ńpà ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ní ẹ̀bá ọ̀nà ti rí ohun kan náà: ọmọ iṣẹ́ yóò tẹ́ aṣọ fáíbà funfun, yóò da oje tí òórùn rẹ̀ ń ta imú sí i, yóò dúró díẹ̀, yóò sì fi sáńpépà fá a. Ọkọ̀ òfuurufú Boeing 787, èyí tí ó kọ́kọ́ fò ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ irú ohun bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́nrán káábọ́ọ̀nù ni ó pọ̀ jù nínú tirẹ̀. Díẹ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ti òkè òkun dé ti lè jókòó nínú rẹ̀ láìmọ̀ pé aṣọ ni ó gbé yín.

Nígbà tí nǹkan bá kọlu aṣọ olóje, ohun mẹ́ta ni ó lè ṣẹlẹ̀. Oje lè sán. Àwọn ìpele aṣọ, tí a tò lé ara wọn bí ojú ewé ìwé, lè yà kúrò lára wọn. Fọ́nrán fúnra rẹ̀ lè já. Ti ìkẹyìn ni ẹni gbogbo ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n lójú tèmi ti àárín ni ó burú jù, nítorí pé ó ń fi ara pamọ́. Bí irin iṣẹ́ kan bá bọ́ lu apá ọkọ̀ òfuurufú, ó lè jẹ́ pé àmì kékeré bí ojú àǹtí ni a óò rí ní òde, nígbà tí ó jẹ́ pé ní inú, àwọn ìpele ti yà ní ibi tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ojú òde dára, inú ti jẹ́. Nítorí èyí, nígbà tí àwọn onímọ̀ bá fẹ́ dán aṣọ olóje wò, lílù nìkan kò tó fún wọn. Wọn a ju ohun wíwúwo lù ú láti òkè, lẹ́yìn náà wọn a tún fún un mọ́ra láti etí méjèèjì kí wọ́n lè mọ agbára tí ó ṣẹ́kù sí i lára lẹ́yìn ìkọlù.

Ọ̀nà kan tí àwọn tí ń yẹ ọkọ̀ òfuurufú wò máa ń gbà rí àìsàn inú yìí yóò dùn mọ́ ẹ̀yin ìyá wa nínú. Wọn a fi owó ẹyọ kàn án káàkiri, wọn a sì tẹ́tí. Ibi tí inú rẹ̀ dán ohùn rẹ̀ yóò já gaara. Ibi tí ìpele ti yà yóò dún bí ohùn ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń ra ìkòkò ní ọjà? Ẹ kò kọ́ ọ ní yunifásítì.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ híhun, níbi tí adùn ọ̀rọ̀ yìí wà fún èmi fúnra mi.

Bí a bá ti sọ pé aṣọ híhun, ọkàn gbogbo wa lọ sí òfì àti sí Ìsẹ́yìn. Ní orí òfì, òwú kan lọ ní gígùn, òmíràn ń gbà á kọjá ní ìbú, ní òkè ọ̀kan, ní abẹ́ èkejì. Òwú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ gbọnrangandan. Ìdí nìyí tí aṣọ òkè kì í fi í nà. Ṣùgbọ́n híhun mìíràn wà, èyí tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdébìnrin ní ilé ìwé ní ìgbà tiwa, tí abiyamọ fi ń ṣe fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ titun: híhun alábẹ́rẹ́ méjì. Níbẹ̀ òwú kì í tọ́ rárá. Ojóbó ni ó ń dá. Ojóbó yìí gba inú èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ kọjá, èyí tí ń bọ̀ yóò sì gba inú tirẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe di ara wọn mú. Ní ọdún 1589, àlùfáà kan ní Calverton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Lee, ṣe ẹ̀rọ tí ń dá ojóbó wọ̀nyí fún ìbọ̀sẹ̀. Ọbabìnrin Elizabeth kò fún un ní ìwé àṣẹ tí ó bèèrè, ó sì kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé. Láti inú ẹ̀rọ náà ni irú àwọn tí ń hun súwẹ́tà àti síńgílẹ́ẹ̀tì wa lónìí ti ṣẹ̀ wá. A kò sì gbọ́dọ̀ ṣàìmọ̀ pé ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè hun fọ́nrán gíláàsì bí ó ti ń hun òwú.

Ẹ jẹ́ kí a mú aṣọ gíláàsì méjì, ọ̀kan tí a hun bí ti òfì, èkejì tí a hun ní olójóbó, kí a sì rì wọ́n sínú oje kan náà. Bí a bá di etí wọn mú tí a sì fà wọ́n, ti òfì ni yóò borí, kò sí àríyànjiyàn. Fọ́nrán tí ó tọ́ ni ó lè lo gbogbo okun rẹ̀. Èyí tí ó ká kò rí ọ̀nà lo tirẹ̀. Aṣọ olójóbó rọ̀ jù, ó sì tètè nà jù, nítorí náà ni kò fi jẹ́ ààyò àwọn tí ń kan ọkọ̀ òfuurufú, àti pé láàárín ọdún 1990 sí 2000 ni ìwádìí lórí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má fà á. Ẹ lù ú. Nígbà náà ni ẹ óò rí i pé ojóbó ní ohun kan tí ó fi pamọ́, èyíinì ni gígùn. Òwú tí ó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju ibi tí ó gbà lọ. Nígbà tí ìkọlù bá dé tí oje sì sán, fọ́nrán kò níí já lẹ́sẹ̀kan náà. Ojóbó yóò kọ́kọ́ ṣí, yóò fẹ́ tọ́, yóò máa fa ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò máa ha ara oje tí ó ti fọ́. Gbogbo fífà àti híha wọ̀nyí ń jẹ agbára ìkọlù run díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo bọ́ọ̀lù tí a gbá mọ́ ògiri, bí ó ti ń fò padà. Ẹ sì wo èyí tí a gbá sínú àwọ̀n góòlù, bí ó ti ń rọ̀ wọ̀ọ̀ sí ilẹ̀. Àwọ̀n náà kò lágbára tó ògiri, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti ń gba àlejò oníjàgídíjàgan.

Ohun mìíràn tún wà. Mo ti sọ pé yíyà àwọn ìpele ni àìsàn tí ń fi ara pamọ́. Nínú aṣọ olójóbó, ojú aṣọ kì í tẹ́jú. Òkè àti kòtò ni, òkè ìpele kan a sì máa wọ inú kòtò èkejì bí eyín òkè àti eyín ìsàlẹ̀. Sísán tí ó bá fẹ́ gba àárín ìpele méjì kọjá kò lè lọ ní tààrà. Ó di dandan kí ó máa yà sí ọ̀tún, kí ó máa yà sí òsì, bí ẹni tí ń la àárín ọjà kọjá ní ọjọ́ ọjà. Ó ń rẹ̀ ẹ́ lọ́nà. Ìdánwò àwọn onímọ̀ fi hàn pé agbára tí a óò fi ya àwọn ìpele aṣọ olójóbó pọ̀ gidigidi ju èyí tí a óò fi ya ti òfì lọ.

Ẹnìkan lè bi mí pé, bí ojóbó kan bá já nínú ìbọ̀sẹ̀, ṣé gbogbo rẹ̀ kì í tú lọ títí dé orúnkún? Òtítọ́ ni, nínú ìbọ̀sẹ̀. Nínú aṣọ olóje, oje ti di olúkúlùkù ojóbó mú sí ààyè rẹ̀, títú náà kò rí ọ̀nà. Àti pé bí a bá fẹ́ kí ó le sí i, a lè fi fọ́nrán títọ́ la àárín àwọn ojóbó kọjá, kí ti òfì àti ti abẹ́rẹ́ wà nínú aṣọ kan. Apá gígùn tí afẹ́fẹ́ ń yí lára àwọn ẹ̀rọ tí ń pèsè iná mànàmáná, fọ́nrán tí ó tọ́ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ojóbó òwú tín-ín-rín ni ó sì rán wọn pọ̀. Kí n má baà ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà, n kò sọ pé aṣọ olójóbó lè dá ọta ìbọn dúró. Fún ìyẹn, fọ́nrán tí ó tọ́ ni wọ́n ń lò, irú Kevlar tí ìyáàfin Stephanie Kwolek ṣe àwárí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1965. Ẹni tí ó bá ní ayẹta ní ilé, kí òun àti ayẹta rẹ̀ máa bá a lọ. N kò dá sí i.

Èyí tí ó wú mi lórí jù ni ti ìrísí. Mo dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì mi. A mú bọ́ọ̀lù kan, a ní kí ọmọ kan fi ìrépé aṣọ òkè bò ó kí ó má sì ká jọ. Kò ṣeé ṣe. Ó di dandan kí ó gé e kí ó sì rán an, ibi tí a bá sì ti gé fọ́nrán ni àìlera ti ń wọlé. Ọmọ kejì fa ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ bò ó, ó sì jókòó sí i lára láìsí gígé kankan. Nítorí èyí, bí wọ́n bá ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, ibi tí kùkùté ẹsẹ̀ yóò wọ̀, wọn a fa aṣọ olójóbó bí ìbọ̀sẹ̀ gígùn bo ẹ̀dà kùkùté náà, wọn a sì da oje sí i. Nítorí èyí kan náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń dábàá aṣọ olójóbó fún ohun tí ó bá yípo bí àṣíborí. Àti nǹkan funfun tí ó wà níwájú mi yìí, ẹ óò rí i bí ẹ bá súnmọ́ ọn: olúkúlùkù ojóbó hàn gbangba. Gíláàsì tí a hun ní olójóbó ni, a sì fi oje kan sí i lára tí ń dì nígbà tí omi bá kàn án. Dókítà kàn tú u bí báńdéèjì, ó rì í sínú omi, ó wé e mọ́ apá ọmọ, ó sì le. Pílásítà funfun ti àtijọ́ jẹ́ ẹfun lára aṣọ òwú. Ó wúwo jù ú lọ, omi sì ń rọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àṣíborí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1935, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan tí òkìkí rẹ̀ kàn, T. E. Lawrence, ṣubú lórí alùpùpù rẹ̀ ní Dorset; ní ọjọ́ kẹfà ó kú. Hugh Cairns, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ tí a bí ní Ọsirélíà, wà lára àwọn tí wọ́n pè sí ìdí àkéte rẹ̀. Ọ̀ràn náà kò kúrò ní ọkàn rẹ̀. Ní ọdún 1941 ó tẹ ìwádìí jáde: láàárín oṣù 21 àkọ́kọ́ ogun, 2,279 ènìyàn tí wọ́n gun alùpùpù tàbí tí wọ́n gbé sẹ́yìn ni wọ́n kú ní ojú ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú àwọn tí wọ́n dé àṣíborí tí orí wọn sì kan ilẹ̀, méje péré ni ó rí, kò sì sí ọ̀kan tí ó kú nínú wọn. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di òfin fún àwọn oníṣẹ́ alùpùpù wọn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Orí ọmọ tí ó ṣubú láti gíga mítà 1.5 yóò kan ilẹ̀ ní eré tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 20 ní wákàtí kan, bí alùpùpù náà tilẹ̀ dúró sójú kan. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára ìkọlù di ìlọ́po mẹ́rin. Agbára yìí gbọ́dọ̀ tán níbi kan. Bí orí bá dúró láàárín mílímítà 3, ipá tí yóò bá ọpọlọ yóò jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí yóò bá a bí ó bá dúró láàárín mílímítà 30. Iṣẹ́ àṣíborí ni láti wá mílímítà wọ̀nyẹn fún wa. Èèpo òde, ìbáà jẹ́ ti ike líle tàbí ti aṣọ olóje, ni ó ń tan ìkọlù ká kí ó má baà wà lójú kan, òun náà sì ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ bí ó ti ń sán. Ṣùgbọ́n fóòmù líle tí ó wà nínú, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì nínú páálí, ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù: ó ń rún, kò sì ní padà sí bí ó ti wà mọ́. Ní ọdún 1953 ni Roth àti Lombard ní Amẹ́ríkà gba ìwé ẹ̀rí lórí irú àṣíborí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo èyí tí ó là yìí. Èèpo rẹ̀ jẹ́ ike lásán, tí oòrùn ti gbẹ. Kò sí fọ́nrán kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ìkòkò ni, kò sí agbọ̀n níbẹ̀. Inú rẹ̀ sì jẹ́ fóòmù rírọ̀ bí ti tìmùtìmù. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ẹ óò kan èèpo rẹ̀. Kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí a rí ní oṣù Kínní ọdún 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí kò dé àṣíborí, tí àwọn ọlọ́kadà ní oríṣìíríṣìí ìlú sì ń dé igbá àti garawa ọ̀dà. Gbogbo wa ni a rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n igbá ọjọ́ wọ̀nyẹn sàn ju èyí lọ ní ọ̀nà kan: ẹni tí ó dé igbá mọ̀ pé igbá ni òun dé. Igbá tí ó bá sì sán, a lè fi okùn gán an kí ó tún wúlò fún ẹ̀kọ tàbí ẹmu. Àṣíborí kò ní gígán. Èyí tí ó bá ti gba ìkọlù kan, ìbáà jẹ́ ti olówó ńlá, ìbáà dán bí dígí ní òde, fóòmù inú rẹ̀ ti rún, ìpele èèpo rẹ̀ sì lè ti yà. Ó ti ná owó tí ó ní.

Ohun tí mo ń bẹ̀ Ẹgbẹ́ nìyí. Kí a má ra iye tí ó pọ̀ jù; kí a ra èyí tí ó dára, bí wọn kò tilẹ̀ ní kárí lọ́dún yìí, kí a sì kọ́kọ́ fún àwọn ọmọ. Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lè ràn wá lọ́wọ́ nínú yíyẹ̀ ẹ́ wò: èyí tí ó bá bá òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé mu, ẹ óò rí àkọsílẹ̀ kan tí a rán mọ́ okùn àgbọ̀n rẹ̀, lẹ́tà E àti nọ́ńbà nínú òbírí. A lè ṣe ayédèrú rẹ̀, nítorí náà ẹ tún fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù inú rẹ̀ wò. Ẹ má ṣe fi àlòkù ránṣẹ́, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó, nítorí pé a kò lè mọ iye ìgbà tí ó ti ṣubú. Kí Ẹgbẹ́ sì ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ láti fi titun rọ́pò èyí tí ó bá ti gba ìkọlù, kí ọlọ́kadà má baà fi pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù pé a óò ní kí ó san án.

Ààrẹ wa, mo rí i pé Akọ̀wé ti ń wo aago. Mo gbé òòlù kékeré kan wá pẹ̀lú, ó wà lábẹ́ tábìlì. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó wá fi òòlù náà lu nǹkan funfun yìí, lẹ́yìn náà kí ó lu ààbọ̀ àṣíborí tí ó kù, kí a tó jíròrò lórí owó. Bàbá ọmọ náà ti ní òun ni yóò kọ́kọ́ lù ú.